Sáà Tí Èyítáyọ̀ Fi Ṣọ́ Orí Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Èyítáyọ̀ fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa, nílé ìwòsàn kan ní Iléṣà, kó tó gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nílé, bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké á gbéra nílẹ̀. Ní Chadwell Heath, níbi tí wọ́n gbà á síṣẹ́, tirẹ̀ ni kó wẹ àwọn arúgbó, kó fún wọn lóúnjẹ, kó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ṣubú ní balùwẹ̀. Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń wo ojú ìyá náà bóyá ọmọlójú méjèèjì dọ́gba, ni ọ̀gá rẹ̀ bá ní kó má fọwọ́ kàn án, kó lọ pe nọ́ọ̀sì. Ó dìde, ó lọ pe nọ́ọ̀sì. Ọmọdébìnrin tí òun tó bí lọ́mọ ni nọ́ọ̀sì náà, kò sì wo ojú ìyá náà rárá.

Ẹni tó gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé ni Morónkẹ́, opó kan tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Barking lọ sí Creekmouth. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù káàpẹ́ẹ̀tì kan ní Barking. Oṣù mẹ́jọ ni Èyítáyọ̀ fi sùn sí yàrá kékeré tó wà lókè àtẹ̀gùn nílé Morónkẹ́ ní Dagenham, kò sì sọ́jọ́ kan tí obìnrin náà jẹ́ kó mọ̀ pé àlejò lòun. Ọmọ kan ṣoṣo ni Morónkẹ́ bí, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lórúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Èyítáyọ̀ dé láti pápá ọkọ̀ òfurufú, ọmọ náà gbé àpótí rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní èjìká ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì, ó sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, ó sì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Barking.

Nígbà tí Èyítáyọ̀ ti rí yàrá tirẹ̀ gbà, lóṣù Kẹsàn-án ọdún kejì tó dé, Morónkẹ́ fà á sápá kan lẹ́yìn ìsìn.

"Tayọ̀, tíìmù bọ́ọ̀lù Ayọ̀ ọmọ mi ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú. Wọ́n ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí létí pápá, rẹfirí ò ní fọn fèrè, wọn ò sì ní gbá a."

"Bọ́ọ̀lù wo, Mọ́mì?"

"Ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n ń gbé sápá sáré."

Èyítáyọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù náà, àmọ́ kò sóhun tí Morónkẹ́ lè bẹ̀ ẹ́ tí kò ní ṣe. Ó lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùtọ́jú etí pápá. Wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì pupa kan tí wọ́n kọ "MEDIC" gàdàgbà sí lẹ́yìn. Nígbà tó délé, ó wọ̀ ọ́, ó yíjú sẹ́yìn wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Roding Herons ni wọ́n ń pe tíìmù náà. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin. Ọkùnrin mọ́kànlá á dojú kọ ọkùnrin mọ́kànlá, kálukú á de àṣíborí tó ní irin níwájú, wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àgbò. Bí wọ́n bá ti já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọn á kọlu ara wọn. Ẹni tí wọ́n gbé e fún á sáré, àwọn tó kù á dá a mọ́lẹ̀. Wọn á dìde, wọn á tún tò. Lójú Èyítáyọ̀, ìjà ni, àfi pé àwọn tó ń jà á ń dúró gbàṣẹ. Ìró rẹ̀ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Bí àṣíborí bá kọlu àṣíborí, ó máa ń dún bí ìgbà tí ilẹ̀kùn irin bá fi agbára pa dé nílé tí kò sẹ́nì kankan.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbá ìdíje àkọ́kọ́, ní pápá kan lẹ́bàá Mayesbrook Park, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Southend. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún kó fi sáré. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún ènìyàn. Wọ́n fi ogún sí mẹ́fà na Southend. Àwọn ọmọ tíìmù gbé e sókè, Morónkẹ́ ń jó lórí àga. Ohun tí Èyítáyọ̀ rí lọ́jọ́ náà ni pé orí ni ọmọ náà fi ń wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dúró síwájú rẹ̀, á tẹ orí wálẹ̀, á sì fi kàn án.

"Kóòṣì," ó ní, "ẹ sọ fún un kó gbé orí sókè."

Kóòṣì Godswill rẹ́rìn-ín. Ọmọ Warri ni, àmọ́ Dagenham ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń se ìrẹsì fún wọn lẹ́yìn ìdíje, tí á bù ú sínú ike lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àǹtí, nó wàhálà," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn."

Ìdíje kejì, Chelmsford ni wọ́n lọ. Wọ́n tún borí. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń kọrin, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ nìkan ló gbé tówẹ́ẹ̀lì bojú. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun pa iná orí bọ́ọ̀sì. Nígbà tí Èyítáyọ̀ wojú fèrèsé, ó rí i pé oòrùn kò tíì wọ̀. Wọn ò tan iná kankan tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kù níta ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu.

Ọjọ́ ìdíje kẹta, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Àwọn ará Luton ló wá sí Mayesbrook. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sinmi àárín ìdíje, tí wọ́n sì ti padà sórí pápá, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, àwọn méjì sì fi àṣíborí há orí rẹ̀ sáàárín. Ó ṣubú, ó dìde kíákíá, ó gbọn ẹrẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá àwọn ará Luton níbi tí wọ́n ti kóra jọ, ó dúró láàárín wọn, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sọ ohun tó kàn.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará Luton pàápàá ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Èyítáyọ̀ ti wà lórí eré.

Ó mú un lọ́wọ́ lọ sétí pápá, ó jókòó síwájú rẹ̀. "Ayọ̀, pápá wo la wà?"

"Mayesbrook."

"Ta la gbá kẹ́yìn?"

"Chelmsford."

"Ṣé a ti sinmi àárín ìdíje ni àbí a ò tíì sinmi?"

Ọmọ náà gbójú sókè wo òjò. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà ní orúnkún rẹ̀. "Àǹtí," ó rọra wí, "ṣé a ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọlọ́kadà kan ló sọ sí Èyítáyọ̀ lọ́kàn, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ wọ́ọ̀dù wọn ní Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ló gbá a. Ó ní kò sóhun tó ṣe òun, sálúbàtà òun kan tó sọnù lòun ń bá kẹ́dùn, ó sì pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun bu omi. Kí ẹni tó lọ bu omi tó dé, ó ti kú.

"Kò wọlé mọ́," Èyítáyọ̀ wí.

"Àǹtí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù!" Kóòṣì Godswill na ìka mẹ́wàá sí i.

"Mo ní kò wọlé mọ́."

Àwọn ará Luton fi àmì méjì péré borí wọn. Kò sẹ́ni tó bá Èyítáyọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó ń palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù: ọpọlọ ọmọ yìí ti mì nínú orí, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòṣì ló yẹ kó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́. Ó ká a sí méjì, ó fi sápò kóòtù rẹ̀ tó rin gbindin.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ gbá ìdíje kẹrin ní Hertford. Ọjọ́ iṣẹ́ Èyítáyọ̀ ni ní Chadwell Heath, ẹlòmíràn ló bá wọn lọ. Ní ọjọ́ Ajé, Nabeelah, ọmọbìnrin tó máa ń ya fídíò ìdíje fún tíìmù, fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Kò kọ nǹkan kan sí i ju "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí" lọ.

Nínú fídíò náà, nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ní ìgbà mẹ́ta. Nígbà kẹta, ó dì mọ́ òpó tó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wá gun un lẹ́yìn, wọ́n rò pé ó ń yọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Èyítáyọ̀ wò ó, nínú yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ọmọ náà kò dì mọ́ òpó. Òpó ló gbé e ró. Nígbà tí àwọn yòókù ṣí kúrò lára rẹ̀, ó bì, èébì náà sì gba àárín irin àṣíborí jáde.

Ó pe kóòṣì. "Ta ló ní kó gbá a?"

"Ó ní dókítà ti yẹ òun wò."

"Dókítà wo? Ìwé dà?"

"Àǹtí, àgbàlagbà ni. Ó ní ara òun yá."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Èyítáyọ̀ gba ilé Morónkẹ́ lọ. Aago méjì ọ̀sán ni, àmọ́ bó ṣe ń bọ̀ lójú títì ló rí i pé wọ́n fa kọ́tìnì yàrá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé gbọningbọnin. Morónkẹ́ gbé ìjókòó fún un, ó bu ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀. Èyítáyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rọra ń sọ ọ́, ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú obìnrin náà ń le.

"Lóṣù Kẹta," Morónkẹ́ wí, "ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà wá wo ọmọ mi. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ mú un. Wọ́n á kọ́ ọ níwèé, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á gbé e sí ilé. O mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí bọ́ọ̀sì yẹn láti ọdún tí bàbá rẹ̀ ti kú?"

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"O ò mọ̀. Gbogbo ìjọ ló ń gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ nìkan lò ń rí ikú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín."

Morónkẹ́ gbé abọ́ ọbẹ̀ náà kúrò níwájú Èyítáyọ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn án. "Mo gbà ọ́ sílé nígbà tí o ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún nílùú yìí. Ṣé bí o ṣe máa san án fún mi nìyí?"

Èyítáyọ̀ dìde. Bó ṣe ń jáde, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè, ìró ẹni tó ń fọwọ́ tọ ògiri rìn.

Kérésìmesì dé, ìdíje dáwọ́ dúró. Ọkàn Èyítáyọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ní bóyá ìsinmi á wo ọmọ náà sàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún, wọ́n parí ìsìn, kálukú ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà nínú ilé àdúrà. Yìnyín wẹ́wẹ́ ń bọ́ níta. Èyítáyọ̀ rí bàtà eléré ìdárayá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ níbi tó wà, àmọ́ kò rí ẹlẹ́sẹ̀ tó ni ín. Ó gbé bàtà náà, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Iwájú ibùdókọ̀ ojú irin ló ti bá a, ó wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú yìnyín, ó ń wo pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí. Àwọn ènìyàn ń yà fún un.

"Ayọ̀. Bàtà rẹ."

Ó wolẹ̀. Ẹ̀rù tó hàn lójú rẹ̀ kò pẹ́ rárá, ó ti fi ẹ̀rín bò ó. "Mo kàn fẹ́ gba atẹ́gùn ni, Àǹtí."

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ gbọ́ ọ, ó ní Ẹ̀mí ló gbé ọmọ náà. Inú Morónkẹ́ dùn sí i.

Ní ìdíje karùn-ún, pẹ̀lú àwọn ará Brighton, wọ́n tún kọlu orí rẹ̀. Èyítáyọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn yòókù tó dìde lára rẹ̀. Ó bi í ní ìbéèrè bó ṣe máa ń bi í. Ọmọ náà ń tún téèpù tó wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìgba ìmí: Brighton, apá kejì, mẹ́rìnlá sí méje, àwa là ń borí. Kò ṣi ẹyọ kan. Kóòṣì ti ń fọwọ́ pè é. Ní ti òfin, kò sóhun tí Èyítáyọ̀ lè fi dá a dúró. Ó jẹ́ kó lọ, àmọ́ ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìdáhùn yẹn ti yá jù létí rẹ̀.

Oṣù Kejì ni wọ́n lọ sí Guildford fún ìdíje kẹfà. Wọ́n borí níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wá bá a nínú yàrá ìmúra, ó na ọwọ́ sí i. "Àǹtí, ẹ bá mi gé téèpù yìí. Ìka mi ò fẹ́ gbọ́ràn."

Èyítáyọ̀ fi sísọ́ọ̀sì gé e. Bó ṣe ń ṣí i kúrò ló rí i pé ọmọ náà ti fi báírò kọ nǹkan sí i, wẹ́wẹ́wẹ́, yípo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Guildford. Àwa la wá bá wọn. Apá kejì. Mẹ́wàá sí mẹ́ta. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, níbi tí téèpù ti parí, ó kọ ọ́ pé: Àǹtí tó wọ pupa, Tayọ̀ ni.

Èyítáyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó ti sùn oṣù mẹ́jọ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lòun.

"Láti ìgbà wo?"

"Àwọn ọ̀rọ̀ ló máa ń sá," ọmọ náà wí. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́. "Mo mọ̀ yín. Mo mọ gbogbo nǹkan. Bí mo bá ní kí n pè é, kì í wá. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìdíje kan ló kù. Bí ọkùnrin yẹn bá ti rí mi tán, mo máa sinmi."

"Sọ fún màmá rẹ lónìí. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Ó ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Nígbà tí Èyítáyọ̀ pe Morónkẹ́, kò gbé fóònù. Nígbà tó gun bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Barking, Morónkẹ́ tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ní wọn kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Ó kù sí kóòṣì. Èyítáyọ̀ bá a ní pápá ìdánrawò ní ọjọ́bọ̀, ó fi téèpù náà hàn án. Kóòṣì Godswill kà á, ó tún kà á. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lóòótọ́. Àmọ́ ó ká téèpù náà, ó dá a padà fún un.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. Ọjọ́ ayé ọmọ yìí ló wà lórí Ọjọ́ Ìsinmi yìí." Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nítòsí. "Ẹ̀yin náà, físà ìtọ́jú arúgbó lẹ fi wọlé, àbí? Mi ò mọ̀ bóyá ó gba iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè báyìí. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. Èyítáyọ̀ rìn dé ilé, kò mọ ọ̀nà tó gbà. Ó ní ọmọbìnrin méjì ní Iléṣà, físà yẹn ló ń rán wọn níléèwé. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ọkọ rẹ̀ ní, "Tayọ̀, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Mi ò lè bá ọ pinnu."

Àwọn ará Canterbury ló wá sí Mayesbrook fún ìdíje tó kẹ́yìn. Kò tíì sí tíìmù tó borí àwọn ará Canterbury láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, àsíá tó wà létí pápá so kọ́ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà náà dúró nìkan, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Morónkẹ́ jókòó sí ìlà kejì, ó wọ kóòtù búlúù tuntun.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Èyítáyọ̀ rìn lọ bá rẹfirí.

"Èmi ni olùtọ́jú. Ara nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò dá. Bó bá wọ pápá, èmi ń lọ sílé."

Rẹfirí wò ó. "Bí ẹ bá lọ, kò sí ìdíje."

"Mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká pápá. Àwọn ọmọ Herons yí i ká, wọ́n ń pariwo lé e lórí, àwọn ọmọ tó ti fi bàǹdéèjì wé ẹsẹ̀ fún. Kóòṣì ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bínú, ó tún ń bẹ̀ ẹ́. Morónkẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá, ó gba àárín wọn kọjá, ó mú un lápá.

"Tayọ̀, nítorí Ọlọ́run, má ṣe èyí fún mi."

Èyítáyọ̀ tọ́ka sí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. "Mọ́mì, ẹ pè é. Ẹ ní kó fi ibi tí ẹ jókòó sí hàn mí."

"Kí ni mo ń pè é fún? Mo ti kúrò níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà pè é."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dúró nítòsí, àṣíborí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè pẹ̀lú ìbínú: "Ayọ̀, ibo ni mo jókòó sí?"

Ọmọ náà wo àwọn àga tó wà lókè. Ojú rẹ̀ kọjá lára ìyá rẹ̀ tó dúró síwájú rẹ̀, ó tún padà. Ó wá yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ wo aago.

Morónkẹ́ gba ọwọ́ náà mú. Ó ka ohun tó wà lórí téèpù sókè ketekete, láìmọ̀ pé òun ń kà á sókè. "Mọ́mì wà ní ìlà kejì. Ó wọ búlúù."

Morónkẹ́ gba àṣíborí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó lọ jókòó sórí koríko tútù níbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù tuntun rẹ̀.

Wọ́n gbá ìdíje náà láìsí nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ìyá rẹ̀ àti Èyítáyọ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Wọn ò tíì dé àárín ìdíje nígbà tó ní orí ń fọ́ òun gan-an. Ó tún un sọ. Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà dà rú lẹ́nu rẹ̀. Èyítáyọ̀ di ojú rẹ̀ mú, ó gbé ìpéǹpéjú sókè. Ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀ bí owó ẹyọ, ti òsì kò yí padà.

Kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Òun ni nọ́ọ̀sì. Ó tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí Nabeelah pe ámbúláǹsì, ó sì sọ fún un ohun tó máa sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìkọsẹ̀. Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Morónkẹ́ ń pe orúkọ rẹ̀. Lórí pápá, wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ìró àṣíborí ń dún, títí rẹfirí fi rí wọn, tó fọn fèrè.

Nílé ìwòsàn kan ní Romford ni wọ́n ti ṣí orí rẹ̀. Dókítà tó ṣe é sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ló wà níbẹ̀, àti tuntun lórí rẹ̀, pé ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí wọ́n bá tún gbá a lórí ní ọ̀sán yẹn, ó ní, òun kì bá máa bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Morónkẹ́ gbọ́ ọ. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Èyítáyọ̀, kò sì wò ó. Ó kàn ṣí sápá kan lórí àga gígùn náà, kí Èyítáyọ̀ lè rí àyè jókòó, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀.

Kóòṣì Godswill dé lọ́jọ́ kejì. Ó dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún bíi wákàtí kan pẹ̀lú ike ìrẹsì lọ́wọ́, kò wọlé, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Wọ́n ní àwọn kò rí fọ́ọ̀mù kankan gbà. Wọ́n bi Èyítáyọ̀ bóyá á lè kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ó wo ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ ọ́ láti ìdíje àkọ́kọ́ dé ìkeje, ó buwọ́ lù ú, ó fi orúkọ rẹ̀ kíkún sí i. Kóòṣì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó parí ìwádìí. Ní ti físà, kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan. Síbẹ̀, títí di òní, bí lẹ́tà bá já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, Èyítáyọ̀ máa ń dúró sójú kan kó tó lọ gbé e.

Lóṣù Kẹfà, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó gba ọjà East Street kọjá lọ ra tòmátò. Ló bá rí Morónkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ẹja, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti rù, irun rẹ̀ ti hù bo ojú ọgbẹ́, báàgì kan ṣoṣo ló gbé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Morónkẹ́ dì mọ́ Èyítáyọ̀, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

"Ó ń gbìyànjú," ó wí sí i létí. "Lánàá, òun ló se ẹyin fúnra rẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tẹrí ba kí i. Ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ gaara. "Àǹtí Tayọ̀, ẹ kú iṣẹ́," ó wí, inú Èyítáyọ̀ sì dùn tó fi fẹ́ sunkún. Ọmọ náà wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Àǹtí, ọjọ́ wo la máa gbá ti Canterbury?"

Àwọn ènìyàn ń kọjá pẹ̀lú ẹrù wọn. Morónkẹ́ ti yíjú sí ẹja, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan lórí yìnyín tí wọ́n to ẹja lé.

"Wọ́n ti gbá a, Ayọ̀," Èyítáyọ̀ wí. "O ò wọlé."

Ọmọ náà ronú sí i. Ó mi orí bí ẹni tí ó yé. "Ẹ ṣeun," ó wí, ó sì tún béèrè bóyá ó máa jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.